Ọkùnrin Tí Kì Í Gbé Àpò Fúláwà

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi fẹ́ Orvokki láìgbé àpò fúláwà kan ṣoṣo fún un. Mo máa ń wò ó nígbà yẹn tó ń ru àpò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò, èmi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi mọ ààrò tó lé ní igba ní agbègbè Honkalahti. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń mu kọfí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá ra búrẹ́dì á wò mí, á wo Orvokki, á tún wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ìwé ìjọba ló so mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ta ló rí ìwé lára mi?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn ará ìlú wa ti sọ ọ́ ní ìsọkúsọ, mo sì mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ọdún 1990 ni Orvokki Kettula ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá mọ ààrò fún òun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé kan létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwọ̀ àti àwọ̀n ẹja tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́ di ilé búrẹ́dì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni nígbà náà, èmi sì jẹ́ ogójì. Kò tíì lọ́kọ rí, nítorí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn fún ọdún mọ́kànlá, òun nìkan ló sì tọ́jú rẹ̀. Èmi náà ò níyàwó. Àwọn obìnrin tí mo ti bá sọ̀rọ̀ rí ní orí mi le. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà, ó wá dúró sẹ́yìn mi.

"Ẹnu ààrò yìí ti rẹlẹ̀ jù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yìn mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń mọ ààrò. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹ gba bíríkì, ẹ máa mọ ọ́n lọ."

Mo rò pé á bínú lọ. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba bíríkì lọ́wọ́ mi, ó sì tò ó. Ó wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà wo bíríkì tó wọ́ yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ògiri mú. Mo wó ẹsẹ̀ bíríkì méjì lulẹ̀, mo gbé ẹnu ààrò náà sókè. Mi ò wó iṣẹ́ mi nítorí ẹnikẹ́ni rí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an, kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò nítorí olùkọ́ kan ní mo jí ṣọ́ọ̀kì, mi ò sì padà. Olùkọ́ náà ti kú. Mi ò tíì dárí jì í.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ara mi tí mo ń wó iṣẹ́ tó ti dáa nítorí ẹ̀yìn obìnrin kan, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí.

*

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọrọ̀ ajé dojú dé ní gbogbo Fínlándì. Àwọn ilé iṣẹ́ ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé, kò sẹ́ni tó ń mọ ààrò. Mo fara dà á fún ọdún méjì. Ní ọdún 1993, mo pa iṣẹ́ mi dé.

Pípa á dé gan-an wá di iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kàn máa mú lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ dání lọ gba owó àìríṣẹ́ ni. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ ńkọ́? Ó ní láti fi hàn wọ́n pé ọ̀gá náà ti kú, wọ́n ti sin ín. Mo yọ orúkọ mi nínú ìwé àwọn olówò. Mo yọ ọ́ nínú ìwé owó orí. Mo ta ọkọ̀ mi, mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń po kọnkéré, mo ta pákó tí mo fi ń gun òkè ilé, mo sì mú rìsíìtì gbogbo wọn lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n wá gbà pé lóòótọ́ ni mi ò ní nǹkan kan mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó.

Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n tèmi ni. Pẹ̀lú rẹ̀, mo lè wọ ilé búrẹ́dì láàárọ̀, kí n ra kọfí àti púlà, búrẹ́dì aládùn kékeré kan, kí n wo Orvokki. A ò tíì sọ nǹkan kan fún ara wa. Ó kàn ti di pé àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jẹ́ tèmi, òun náà sì ti ṣíwọ́ pípè mí ní ẹ̀yin.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, ọkọ̀ já àpò fúláwà sẹ́nu ọ̀nà nínú yìnyín. Mo dìde, mo gbé mẹ́rin wọlé. Ta ló máa jókòó wò ó? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé. Wọ́n ní kí n wá.

Akọ̀wé tó jókòó níwájú mi jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lintunen, ìwà rẹ̀ tutù, bírò rẹ̀ mú.

"Ọ̀gbẹ́ni Räihä, a gbọ́ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì Kettula."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mi ò lè sọ ìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Àpò fúláwà mẹ́rin ni mo bá a gbé wọlé."

"Ṣé wọ́n fún yín ní nǹkan kan?"

"Ó bu kọfí fún mi."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe é: ó kọ kọfí sílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin àti obìnrin náà jọ ń gbé?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ní i lọ́kàn pé ẹ ó jọ máa gbé?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi fúnra mi kò tíì bi ara mi. Kí ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì bá Orvokki sọ wá jẹ́ ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún akọ̀wé ìjọba!

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

"Ó ṣe pàtàkì ni o. Bí ẹ bá ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ni òwò, tí ẹ sì ń bá a ṣiṣẹ́ nínú òwò náà, lójú òfin, ẹ̀yin náà ti di olówò. Olówò tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ṣí kì í ṣe aláìníṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dá owó mi dúró láti fi wádìí àpò mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọ́n dá mi láre. Lọ́jọ́ yẹn ni mo búra pé ọwọ́ mi ò ní kan ohunkóhun mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí ṣíbí bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, kó máa wà níbẹ̀.

Orvokki rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó rí ojú mi.

"Ó dá ọ lójú? Wàá kàn máa jókòó?"

"Bí o bá fẹ́ kí n má wá mọ́, sọ ọ́."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ó nu tábìlì mi, bẹ́ẹ̀ tábìlì náà mọ́. "Jókòó."

*

Bàbá rẹ̀, Arvi Kettula, ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nígbà náà. Iṣẹ́ tó ṣe láyé rẹ̀ ni kó máa fi odò gbé igi gẹdú wá sílé iṣẹ́ pákó. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tí iṣẹ́ bá tán nígbà òtútù, ìjọba máa ń kó àwọn aláìníṣẹ́ lọ sí àríwá lọ la títì. Ṣọ́bìrì ni wọ́n máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́, abà pákó ni wọ́n ń sùn. Ìgbà òtútù mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí owó àìríṣẹ́ tí kò ní ṣọ́bìrì lẹ́yìn.

Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, yìnyín lórí fìlà rẹ̀. Orvokki ń wọ́ àpò fúláwà nílẹ̀. Èmi wà lórí àga mi.

"Orvokki, ta nìyí?"

"Ensio Räihä ni, Bàbá. Òun ló mọ ààrò."

"Ó ti parí ààrò, àbí kò tíì parí ẹ̀?"

"Ó ti parí ẹ̀ tipẹ́."

"Kí ló wá ń ṣe níbí?"

"Ó ń mu kọfí."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Apá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ bíríkìlà, ta ló ń bọ́ ọ?"

"Owó àìríṣẹ́ ni mò ń gbà."

"Ṣọ́bìrì rẹ dà?"

"Ṣọ́bìrì wo?"

"Èmi náà gba owó yẹn rí. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ó jọ pé àga ni wọ́n ń pín báyìí."

Àwọn obìnrin méjì tó wá ra búrẹ́dì dúdú fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá náà gba àpò mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé e lé èjìká, òun arúgbó, ó ń gbọ̀n díẹ̀ díẹ̀, ó gbé e dé ìdí ààrò. Gbogbo ìgbà tó fi ń lọ, ojú mi ló ń wò.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Ká ní ó bi mí pé kí ló dé tí n kì í gbé e ni, ǹ bá ti dá a lóhùn. Kò bi mí. Ó ti dájọ́ mi tán, ní ojú àwọn obìnrin méjì.

Nígbà tó lọ tán, Orvokki dúró níwájú mi.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

"Kò bi mí."

"Èmi á sọ fún un."

"Bí o bá sọ fún un, mi ò ní í wá síbí mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni kó fi bi mí."

"Ensio, ta lò ń fìyà jẹ? Bàbá mi ni àbí èmi?"

Ó padà sídìí ààrò rẹ̀.

*

Ní oṣù kẹta ọdún 1995, a jọ rìn lórí adágún tó ti dì, lọ síbi ihò tí mo ti ń fi ìwọ̀ pẹja. Òòrùn ràn, yìnyín ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí ihò náà kí n má bàa rí ojú rẹ̀, mo ní, "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹja?"

"Ìwọ ni."

"Nígbà náà, gbójú sókè."

Mo gbójú sókè. Ó ní òun á fẹ́ mi. Ó ní láti ọjọ́ tí bíríkì òun ti wọ́ ni òun ti ń dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà: òun àti bàbá òun nìkan ló dúró létí sàréè nígbà tí wọ́n ń sin ìyá òun, òun ò sì ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ ṣègbéyàwó bí bàbá òun ò bá sí níbẹ̀.

"Lọ bá a sọ̀rọ̀."

"Kó wá bá mi sọ̀rọ̀."

"Olúwa o," ni Orvokki wí, ó sì dá rìn padà sétí omi.

Bí Àǹtí Impi ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Àbúrò Arvi ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ yìnyín rẹ̀ ká gbogbo Honkalahti, á máa fi ẹsẹ̀ kan tì í, fóò, fóò, bí ọmọ ilé ìwé. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ló ń gbé e bọ̀.

Ìgbà kìíní, ó ní, "Arvi ní òun á kọ́kọ́ fún ajá òun ní Orvokki. Ó ní ajá òun ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣọ́ ilé."

"Ẹ sọ fún un pé kó bi ajá rẹ̀ bóyá ó mọ ààrò mọ."

Ìgbà kejì, ó ní, "Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bínú pé òun rẹ́rìn-ín. Ensio, sọ ohun tó dé fún èmi, kí n bá ọ sọ fún un."

"Rárá, Àǹtí. Kó bi mí."

"Orí rẹ yìí! Bí wọ́n bá fi mọ ààrò, kò ní í gbóná láéláé."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rùn lọ, bẹ́ẹ̀ ni òjò lọ, tí adágún tún dì. Orvokki ń ru àpò. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó máa ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ tó bá rò pé mi ò wo òun. Mò ń wò ó. Kọfí mi ń korò lẹ́nu. Nígbà mìíràn, ara mi á dìde díẹ̀ lórí àga, á rántí lẹ́tà Lintunen, á tún jókòó.

Ìgbà kẹta, nínú oṣù kìíní ọdún 1996, Àǹtí Impi kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ó ní kí o wá sí sáúnà òun ní Sátidé, lágogo mẹ́ta. Má bi mí ní nǹkan kan. Sáà lọ."

*

Nínú sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru náà, àwa méjèèjì jókòó ní ìhòòhò lórí pákó òkè. Ó bu omi sórí òkúta gbígbóná, ooru omi gbà wá mọ́ra. Ó tún bu omi. Ó ń retí pé kí n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Etí mi fẹ́ jó.

Ó gbé igbá omi kalẹ̀. "Kí ló dé tí o kì í gbé e?"

Ọdún méjì ni mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Mo sọ fún un: àpò mẹ́rin, lẹ́tà, kọfí tí wọ́n kọ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Ó gbọ́ ọ tán. "Irọ́ ni."

"Irọ́ kẹ̀?"

"Kò sí ìjọba tó máa sanwó fún ènìyàn pé kó má gbé ẹrù. Mo mọ ìjọba. Ó fẹ́ràn kí ènìyàn máa gbé ẹrù."

"Ẹ bá mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé."

"Màá lọ."

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ kóòtù tó fi sin ìyàwó rẹ̀, a jọ wọ bọ́ọ̀sì, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ sórí tábìlì Lintunen.

"Ọmọ mi, ọkùnrin yìí ní ẹ sọ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ bá obìnrin tí òun ń fẹ́ gbé àpò fúláwà. Ṣé òótọ́ ni?"

"Bàbá, a ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè gbé e. Ó kàn jẹ́ pé ó ní láti sọ fún wa, àwa náà á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ ni."

"Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó jẹ́ iṣẹ́ ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá sì jọ ń gbé, owó á dúró."

"Obìnrin náà ńkọ́? Ọmọ mi ni. Bí búrẹ́dì ò bá tà lọ́sẹ̀ kan, ẹ máa fún un lówó?"

"Rárá, Bàbá. Òun náà, àfi bó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa pátápátá."

"Kí ó ta ààrò?"

Lintunen wo èmi, ó wo bàbá. Mo rí i pé kì í ṣe inú rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́. "Kó ta ààrò, Bàbá."

Arvi Kettula dìde. "Nígbà tèmi, ẹ máa ń fún wa ní ṣọ́bìrì. Mo kórìíra ṣọ́bìrì yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá sọ pé ó sàn."

Mo rò pé ó ti parí. Inú mi ń dùn bí a ṣe ń jáde, mo ń retí kó tọrọ àforíjì. Ní ibùdókọ̀, ó yíjú sí mi.

"Mo rò pé ọ̀lẹ ni ọ́. Mo ṣì ọ́ mú."

"Ó dáa," ni mo wí.

"Kò dáa. Ọ̀lẹ, apá rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Ìwọ, apá rẹ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ ń ríran, o rí i tí èjìká ọmọ mi ń bà jẹ́, o sì jókòó nítorí bébà. Ojo ni ọ́, bíríkìlà."

Bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́. Mi ò wọ̀ ọ́. Kìlómítà méje ni mo fi ẹsẹ̀ rìn délé.

*

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mi ò dé ilé búrẹ́dì. Mo jókòó sílé, mò ń bá Arvi Kettula jà nínú orí mi, èmi ni mo sì ń borí ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá borí rẹ̀ tán, Orvokki á tún kọjá pẹ̀lú àpò lórí èjìká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejìlélógún, ó kan ilẹ̀kùn. Fúláwà wà lára kóòtù rẹ̀.

"Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo tì í."

Kò ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án rí. Mo gbé omi kọfí kaná. Kò jókòó.

"Bàbá mi ní ojo ni ọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò bẹ̀rù ìwé."

"Kí wá lò ń bẹ̀rù?"

Mo wo iná. "Bí mo bá kó wá sọ́dọ̀ rẹ, wọ́n á dá owó yẹn dúró. Mi ò ní ní owó máàkì kan tó jẹ́ tèmi. Mo ti ta ọkọ̀ mi, mo ti ta ẹ̀rọ mi. Búrẹ́dì rẹ ni màá máa jẹ, bàbá rẹ á sì ní, ẹ wò ó, mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá mi, bàbá mi! Ṣé òun lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Orvokki..."

"Gbọ́. Mo ti pé ọdún méjìlélógójì. Mò ń dúró kí ẹ̀yin méjèèjì parí ìjà, ẹ ò sì fẹ́ parí ẹ̀, nítorí ó ń dùn mọ́ yín. Mi ò wá ẹni tó máa bọ́ mi. Mo ń bọ́ ara mi. Bí búrẹ́dì náà ò bá tó ẹni méjì, a jọ máa mọ̀ pé kò tó. Ṣùgbọ́n kí n máa ru ẹrù, kí ìwọ tí o ní o fẹ́ràn mi máa wò mí? Ó ti sú mi, Ensio. Ó sú mi dé ọ̀run."

Ó jáde. Kọfí ò tíì hó. Nílùú wa, bí ènìyàn bá jáde nílé rẹ láìmu kọfí, ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

*

Mi ò lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ọ́fíìsì ni mo lọ.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bóyá a ṣiṣẹ́ tàbí a ò ṣe. Mo kọ ọ́ pé láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, màá máa ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì Kettula. Níbi tí wọ́n ti béèrè àdírẹ́sì, mo kọ ti òkè ilé búrẹ́dì náà, níbi tí Orvokki ń gbé.

Lintunen kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀gbẹ́ni Räihä, ẹ mọ ohun tí èyí máa fà?"

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

"Ẹ lè dúró kí ẹ tún rò ó."

"Mo ti dúró."

Ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ pé, "Ẹ kí i fún mi. Búrẹ́dì rẹ̀ dùn."

Mo gba ibẹ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì. Orvokki ń po ìyẹ̀fun, kò gbójú sókè.

"Mo ti kọ àdírẹ́sì rẹ sínú fọ́ọ̀mù mi," ni mo wí.

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sẹ́ni."

Ó dáwọ́ dúró. Ó wo ẹ̀wù àwọ̀lékè funfun tí mo ti mú kúrò lára ìkọ́ tí mo sì ń wọ̀. Ó wò mí títí, ojú mi fẹ́ wálẹ̀.

"Yàrá òkè tutù," ló wí. "Kò ní ààrò."

"Màá mọ ọ́n."

"Kí ẹnu rẹ̀ má rẹlẹ̀ o."

*

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, Arvi Kettula já wọlé, Àǹtí Impi ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé mo ti kó wá. Ṣọ́ọ̀bù kún fún ènìyàn.

"Ìwọ bíríkìlà! Ta ni ọ́ tí o fi ń sùn nílé ọmọ mi? Kí lo jẹ́ sí i?"

Lẹ́tà ọ́fíìsì ti dé láàárọ̀ yẹn, mo nawọ́ ẹ̀ sí i. Ó wá gíláàsì rẹ̀ nínú àpò mẹ́ta kó tó rí i. Ó ń kà á sókè, bí àwọn tó ń ka lẹ́tà lójú ogun.

"'Ẹni tó béèrè jẹ́ ará ilé olówò láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú òwò náà. Nítorí náà, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àìríṣẹ́.'" Ó tún un kà. "Wọ́n gba owó náà?"

"Wọ́n gbà á."

"Ta ló tún ṣòfófó?"

"Èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́ fún wọn."

Orvokki dúró pẹ̀lú páànù búrẹ́dì lọ́wọ́, kò gbé e kalẹ̀. Bàbá náà tún wo ìwé.

"Ará ilé."

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn," ni mo wí.

"Láti ọjọ́ kẹjọ. Òní ni ọjọ́ kejìlélógún." Ohùn rẹ̀ gòkè. "Ọ̀sẹ̀ méjì! Ìjọba mọ̀ ọ́ ní ọkọ ọmọ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, o ò tíì wá kí mi? Irú àìlẹ́kọ̀ọ́ wo nìyí?"

Àǹtí Impi di àga mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Arvi ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò àyà ara rẹ̀, kò sì dá a padà fún mi títí di òní. Ó ní òun á mú un lọ fún pásítọ̀ kó lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Inú oṣù kẹfà ni ìgbéyàwó wa. Òun ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, nínú kóòtù dúdú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Kettula, ẹ káàárọ̀."

"Ta lò ń pè ní Kettula lónìí? Bàbá ni wọ́n ń pe bàbá ìyàwó ẹni."

"Ẹ kọ́kọ́ gba 'ojo' tí ẹ pè mí padà."

"Mi ò gbà á padà."

"Kò burú. A ó jọ dúró síbí."

A dúró. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ó dákẹ́. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa wọlé, wọ́n ń wẹ̀yìn. Orvokki dé nínú aṣọ rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. Ó ki apá kan bọ apá bàbá rẹ̀, ó ki èkejì bọ tèmi.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin méjèèjì," ló wí. "Ẹ máa jà á lọ nínú ilé."

A wọlé. Ọdún kejì nìyí tí a ti ń jà á.